Ìròyìn òjò dídì fún eré síkì

Ìròyìn òjò dídì fún eré síkì ni àkójọ ìwọ̀n, àsọtẹ́lẹ̀ àti ìkìlọ̀ tí àwọn eléré síkì, àwọn amọ̀nà orí òkè àti àwọn tí ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè máa ń lò láti mọ bí òjò dídì ṣe pọ̀ tó nílẹ̀, irú èyí tí ó jẹ́, bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní ọjọ́ mélòó kan sí i, àti bí ewu ṣe tó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Eré síkì jẹ́ eré ìdárayá ìgbà òtútù nínú èyí tí ènìyàn ń de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ bàtà rẹ̀, tí ó sì ń fi wọ́n yọ̀ lórí òjò dídì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìròyìn yìí ti ń wá. Èkíní ni ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba, tí ń sọ ohun tí yóò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Èkejì ni àwọn ibùdó eré síkì fúnra wọn, tí ń sọ bí òjò dídì ṣe ga tó lórí ilẹ̀ wọn àti àwọn ojú ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìkìlọ̀ ìwólulẹ̀ òjò dídì, tí ń sọ bóyá òjò dídì tí ó wà lórí òkè lè já kí ó sì wó lu ènìyàn. Ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn yàtọ̀, èrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń rí nínú ìdáhùn náà yàtọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi ìdáhùn ìbéèrè kan dípò ti òmíràn lè ṣòfò owó. Ó tún lè ṣòfò ẹ̀mí, nítorí òjò dídì tuntun tí ó fa eléré síkì lọ sí orí òkè gan-an ni ó sábà máa ń wó lu àwọn ènìyàn níbẹ̀.

## Orúkọ àti ìtumọ̀

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ibi tí òjò dídì ti ń rọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá ní fún un kò pọ̀. Òjò dídì ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lò fún ohun funfun fúlẹ́fúlẹ́ tí ń rọ̀ ní ilẹ̀ olótùútù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní yìnyín lónìí, ṣùgbọ́n yìnyín náà ni orúkọ omi dídì líle, àti ti àwọn òkúta omi tí máa ń bá òjò ńlá rọ̀ nílé. Nínú àyọkà yìí, òjò dídì ni a ń lò fún èyí tí ó rọ̀ láti ojú ọ̀run ní fúlẹ́fúlẹ́, a sì fi yìnyín sílẹ̀ fún omi dídì líle nìkan. Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì fún eléré síkì: ó lè ṣubú sórí òjò dídì tuntun kí ó dìde láìfarapa, ṣùgbọ́n kò lè dá ara rẹ̀ dúró bọ̀rọ̀ lórí yìnyín.

Ìwólulẹ̀ òjò dídì ni kí òjò dídì tí ó ti kó jọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè já kúrò ní ààyè rẹ̀ kí ó sì ya wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, bí omi tí ó ya bo ìlú. Nínú ìròyìn òjò dídì, ohun mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òjò dídì tuntun ni èyí tí ó rọ̀ láàárín àkókò kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 24. Gíga òjò dídì ni àpapọ̀ èyí tí ó wà nílẹ̀, àtijọ́ àti tuntun. Omi inú òjò dídì ni iye omi tí a ó rí bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́. Ìlà òjò dídì ni gíga orí òkè tí ó jẹ́ pé lókè rẹ̀ òjò dídì ni ó ń rọ̀, nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni òjò lásán.

## Ìtàn

Kí eré síkì tó di òwò ńlá ni wíwọn òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀, omi ni ó sì fà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, James Edward Church, olùkọ́ èdè Látìn ní Yunifásítì Nevada ní Amẹ́ríkà, kọ́ ilé ìwòye kan sí orí òkè Mount Rose. Ó ṣe ọ̀pá oníhò kan tí a ń tì bọ inú òjò dídì, tí a sì ń gbé kọ́ òṣùwọ̀n láti mọ iye omi tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí ni ó fi ń sọ ṣáájú bí omi adágún Tahoe yóò ṣe ga tó nígbà tí òjò dídì orí òkè bá yọ́. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀rù ìwólulẹ̀ òjò dídì ni ó mú kí ìmọ̀ náà gbilẹ̀, Swítsàlandì sì ni ó ṣíwájú. Ní 1936, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nínú ahéré kékeré kan ní Weissfluhjoch, lórí òkè tí ó wà lókè ìlú Davos. Pápá ìwọ̀n tí ó wà níbẹ̀ ga ju ojú òkun lọ ní mítà 2,536, àkọsílẹ̀ òjò dídì tí ó ti ibẹ̀ wá sì wà lára àwọn tí ó gùn jù lọ ní irú gíga bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Swítsàlandì ni ó ń bójú tó ìkìlọ̀. Ní 1945, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ilé-ìwádìí òjò dídì ti Davos, èyí tí a mọ̀ sí SLF.

Ìgbà òtútù 1950 sí 1951 fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti eléré síkì nìkan. Òjò dídì tí ó rọ̀ láìdáwọ́ dúró lórí àwọn òkè Alps wó lu àwọn abúlé. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní 90 ní Swítsàlandì nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú ilé wọn. Oṣù Kejì ọdún 1999 tún jẹ́ oṣù ọ̀fọ̀ ní gbogbo agbègbè náà: ènìyàn 12 kú ní Montroc ní ilẹ̀ Fránsì ní ọjọ́ 9, ènìyàn 12 kú ní Evolène ní Swítsàlandì ní ọjọ́ 21, ènìyàn 31 sì kú ní Galtür ní Austríà ní ọjọ́ 23. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ìjọba túbọ̀ fi owó sí ẹ̀rọ ìwọ̀n àti ètò ìkìlọ̀.

Ohun mìíràn tí ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n ewu tirẹ̀. Nọ́ńbà tí ó túmọ̀ sí ewu díẹ̀ ní ìhà kan òkè lè túmọ̀ sí nǹkan mìíràn ní ìhà kejì, bẹ́ẹ̀ eléré síkì lè kọjá ààlà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan. Ní 1993, àwọn ilé-iṣẹ́ ìkìlọ̀ ní Yúróòpù fi ohùn ṣọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí ó ní ìwọ̀n márùn-ún. Òṣùwọ̀n náà ni wọ́n ń lò títí di òní. Amẹ́ríkà àti Kánádà náà ń lo ìwọ̀n márùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣàlàyé wọn yàtọ̀ díẹ̀.

## Bí a ṣe ń wọn òjò dídì

Ó lè dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó rọrùn ju kí a ki ọ̀pá bọ inú òjò dídì lọ, ṣùgbọ́n ibi tí a ti kì í bọ̀ ọ́, ìgbà tí a kì í àti ẹni tí ó kì í ni ó ń sọ iye tí a ó rí. Atẹ́gùn a máa kó òjò dídì kúrò ní ibi kan lọ sí ibòmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí orí òkè kan lè hàn ní àpáta lásán nígbà tí ihò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kún dé mítà mẹ́ta. Nítorí náà ni àwọn awọnlé fi ń yan ilẹ̀ títẹ́jú tí atẹ́gùn kò ti ń fẹ́ púpọ̀.

Láti wọn òjò dídì tuntun, a máa ń tẹ́ pátákó funfun kan sórí òjò dídì àtijọ́. Lẹ́yìn àkókò tí a ti dá, a ó wọn ohun tí ó kó jọ sórí rẹ̀, a ó gbá pátákó náà mọ́, a ó sì gbé e padà sí orí ilẹ̀. Òjò dídì tuntun kún fún atẹ́gùn, bí ó sì ti ń pẹ́ ni ó ń wọlẹ̀ nítorí ìwúwo ara rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá wọn òjò kan náà, tí ọ̀kan ń gbá pátákó rẹ̀ mọ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó sì ń ro ìwọ̀n wọn pọ̀, tí èkejì sì ń dúró di wákàtí 24, iye ti ẹni àkọ́kọ́ yóò pọ̀ ju ti ẹnì kejì lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà kì í fi jẹ́ kí àwọn awọnlé rẹ̀ gbá pátákó mọ́ ju ìgbà mẹ́rin lọ ní ọjọ́ kan.

Omi inú òjò dídì ni ó ń sọ irú èyí tí ó rọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin àfojúdá, omi sẹ̀ǹtímítà 1 ń di òjò dídì tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 10. Nígbà tí òtútù bá mú gidigidi, omi kan náà lè di sẹ̀ǹtímítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní fúlẹ́fúlẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Èyí ni àwọn eléré síkì fẹ́ràn jù. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá sún mọ́ dígírì 0, òjò dídì a máa tutù rinrin, a máa wúwo, kì í sì í ga. Sẹ̀ǹtímítà 30 ní ibi méjì lè jẹ́ ohun méjì tí ó yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ibi tí ènìyàn kò lè dé lójoojúmọ́. Ní Swítsàlandì, àwọn ibùdó aládàáṣiṣẹ́ tí ó wà lórí òkè ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wọn gíga òjò dídì: ẹ̀rọ yóò rán ìró náà sí ìsàlẹ̀, yóò sì ka àkókò tí ó fi padà. Wọ́n tún ń wọn atẹ́gùn àti òtútù, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, tọ̀sán-tòru. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ètò tí a ń pè ní SNOTEL, tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ibùdó tí ó lé ní 900. Ìrọ̀rí ńlá tí omi tí kì í dì wà nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò: òjò dídì a kó jọ sórí rẹ̀, ẹ̀rọ a sì ka ìwúwo rẹ̀. Nítorí omi tí àwọn àgbẹ̀ àti ìlú ńlá nílò ni a ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó lè wo ìwọ̀n rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan owó, ọ̀pọ̀ eléré síkì sì ń lò ó láti yẹ ọ̀rọ̀ ibùdó eré síkì wò.

## Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lórí òkè

Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ń wá láti inú àwòṣe ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ńlá ń ṣe. Àwòṣe wọ̀nyí ń pín ayé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gíga kan. Ìhà igun kọ̀ọ̀kan nínú àwòṣe àgbáyé ti ilé-iṣẹ́ ECMWF, tí ó jẹ́ ti àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tó nǹkan bí kìlómítà 9. Òkè gíga kan àti àfonífojì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè wọ inú igun kan ṣoṣo, kí àwòṣe náà sì kà wọ́n sí ilẹ̀ kan tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀. Nítorí èyí ni MeteoSwiss, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ Swítsàlandì, fi ń lo àwòṣe tirẹ̀ tí igun rẹ̀ tó kìlómítà 1 fún àwọn òkè Alps.

Ìdí kan náà ni ó fi léwu láti gba àsọtẹ́lẹ̀ orí fóònù tí ó ń sọ nípa ìlú ẹsẹ̀ òkè gẹ́gẹ́ bí ti orí òkè. Ní ìṣirò àfojúdá, òtútù ń fi dígírì 6.5 pọ̀ sí i fún mítà 1,000 tí a bá gùn. Bí ìlú bá wà ní dígírì 4, tí òkè sì ga jù ú lọ ní mítà 1,500, orí òkè yóò wà ní nǹkan bí dígírì 6 sí ìsàlẹ̀ 0: òjò lásán nínú ìlú, òjò dídì gbígbẹ lókè. Ìlà òjò dídì sábà máa ń rẹlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sí gíga tí dígírì 0 wà, nítorí òjò dídì kì í yọ́ lójú ẹsẹ̀ tí ó bá wọ inú atẹ́gùn tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìṣirò yìí a máa yẹ̀ nígbà mìíràn. Atẹ́gùn tútù lè rọ̀gbọ̀kú sínú àfonífojì nígbà tí orí òkè ń gbóná. Föhn, atẹ́gùn gbígbẹ tí ń rọ́ wálẹ̀ láti orí àwọn òkè Alps, sì lè mú kí ojú ọjọ́ gbóná láàárín wákàtí díẹ̀.

Àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣeé gbára lé dé àyè kan. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, iye òjò dídì tí a bá dárúkọ fún òkè kan pàtó kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ a máa ṣe ìṣirò kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, wọn a sì yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. ECMWF ń ṣe é ní ọ̀nà tí ó lé ní 50. Bí gbogbo wọn bá fẹnu kò, ìgbẹ́kẹ̀lé pọ̀. Bí àwọn kan bá sọ sẹ̀ǹtímítà 5, tí àwọn mìíràn sì sọ 60, òtítọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò tíì sí ẹni tí ó mọ̀. Orísun tí ó bá mú nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú wọn, tí ó sì gbé e jáde ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ti fi apá tí ó wúlò jù nínú àsọtẹ́lẹ̀ náà pamọ́.

## Ìròyìn láti ọwọ́ àwọn ibùdó eré síkì

Ibùdó eré síkì ni ó sún mọ́ òjò dídì rẹ̀ jù, òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń jí lóru láti tọ́jú ojú ọ̀nà. Ìròyìn rẹ̀ nípa ojú ọ̀nà tí ó ṣí àti ẹ̀rọ agbéniròkè tí ń ṣiṣẹ́ ni kò sí ẹlòmíràn tí ó lè fúnni. Ṣùgbọ́n ibùdó kan náà ni ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, iye òjò dídì tuntun sì wà lára ohun tí ń mú kí àwọn ènìyàn gbéra nílé.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, Jonathan Zinman àti Eric Zitzewitz, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kó ìròyìn tí àwọn ibùdó fi síta jọ, wọ́n sì fi wé ìwọ̀n àwọn ibùdó ojú ọjọ́ ìjọba. Ìbéèrè wọn rọrùn: òjò dídì kò mọ ọjọ́ Sátidé yàtọ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ló dé tí àwọn ibùdó fi ń rí òjò dídì tuntun púpọ̀ sí i ní ìparí ọ̀sẹ̀? Ìwọ̀n ìjọba kò fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Àbùmọ́ náà pọ̀ jù ní àwọn ibùdó tí ó ní èrè púpọ̀ láti rí nínú rẹ̀. Nígbà tí ó wá di 2009, ètò orí fóònù kan fún àwọn eléré síkì ní àǹfààní láti kọ ohun tí ojú wọn rí láti orí òkè, kí ẹlòmíràn sì kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àbùmọ́ dínkù lẹ́yìn náà, pàápàá ní àwọn ibùdó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti dára. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ American Economic Journal gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2016.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni irọ́. Ibùdó lè wọn òjò dídì ní ibi tí ó ga jù lọ lórí òkè rẹ̀, nígbà tí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣeré kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ó lè ka òjò dídì tí ẹ̀rọ ṣe mọ́ èyí tí ó rọ̀ fúnra rẹ̀. Àpapọ̀ ọdún tí ó ń polówó rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kí òjò sì ti fọ ìdajì rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìròyìn tí ó dára máa ń sọ gíga orí òkè tí a ti wọ̀n ọ́n, wákàtí tí a wọ̀n ọ́n, àti iye ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ibùdó kan ti gbé kámẹ́rà dojú kọ ọ̀pá ìwọ̀n wọn kí gbogbo ènìyàn lè ka nọ́ńbà náà fúnra wọn. Àwòrán bẹ́ẹ̀ wúlò bí ọjọ́ àti wákàtí bá hàn lára rẹ̀.

## Ìkìlọ̀ ìwólulẹ̀ òjò dídì

Gíga òjò dídì kò sọ bóyá yóò dúró. Òjò dídì ń kó jọ ní ìpele-ìpele láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní àbùdá tirẹ̀. Bí ìpele líle bá wà lórí ìpele aláìlágbára tí ó dà bí iyanrìn, ó dà bí pátákó tí a gbé lé orí ọkà bàbà níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́: ìwúwo ẹnì kan ṣoṣo lè tó láti mú kí gbogbo rẹ̀ yọ̀ lọ. Irú ìwólulẹ̀ yìí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ti wà láàárín dígírì 30 sí 45, èyí tí í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà tí àwọn akọni eléré síkì fẹ́ràn. Nínú ìjàǹbá tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń ṣeré, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó kàgbákò náà, tàbí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó tú òjò dídì náà sílẹ̀.

Ní Swítsàlandì, SLF ń gbé ìwé ìkìlọ̀ jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ nígbà òtútù, ó sì ń ṣe àtúnṣe sí i ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Èdè Jámánì, Faransé, Ítálì àti Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́. Àwọn ibùdó aládàáṣiṣẹ́ àti nǹkan bí 200 awòye tí ń gbé káàkiri àwọn òkè ni ó ń pèsè ìwọ̀n fún un. Àwọn kan nínú wọn a máa gbẹ́ ihò sínú òjò dídì láti wo ìpele rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan àti láti dán agbára rẹ̀ wò. Ìwọ̀n márùn-ún tí wọ́n ń lò nìyí:

1. Ewu kékeré: òjò dídì dúró dáadáa ní ibi púpọ̀, ìwólulẹ̀ ṣọ̀wọ́n àyàfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́ gidigidi.
2. Ewu ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: ìpele kan kò lágbára tó lórí àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó yẹ kí a fara balẹ̀ yan ọ̀nà.
3. Ewu púpọ̀: ẹnì kan ṣoṣo lè tú ìwólulẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó gba ìmọ̀ àti ìrírí.
4. Ewu ńlá: ìwólulẹ̀ rọrùn láti tú sílẹ̀ níbi púpọ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ènìyàn dúró sórí ilẹ̀ tí kò dà gẹ̀rẹ́.
5. Ewu tí ó pọ̀ jù lọ: ìwólulẹ̀ ńláńlá ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè dé ojú pópó àti abúlé.

Ìwọ̀n 3 ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nítorí pé ó wà láàárín, wọ́n rò pé ewu rẹ̀ kò pọ̀. Òṣùwọ̀n náà kì í gùn ní ìṣísẹ̀ kan náà: ewu ń pọ̀ sí i lọ́nà tí ó yára láti ìwọ̀n kan sí èkejì. SLF ń kéde ìwọ̀n 3 ní nǹkan bí 30% ọjọ́ ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì àwọn tí ìwólulẹ̀ òjò dídì pa ní Swítsàlandì ni ó kú ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìwọ̀n 4 àti 5 ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn, wọ́n a sì jókòó sílé; ní ìwọ̀n 3 oòrùn lè máa ràn, kí òjò dídì tuntun sì máa dán lórí òkè.

Nọ́ńbà nìkan kò tó. Ìwé ìkìlọ̀ tún ń sọ gíga àti ìhà òkè tí ewu wà, àti irú ìṣòro tí ó fà á. Ìṣòro márùn-ún ni àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ń dárúkọ: òjò dídì tuntun, òjò dídì tí atẹ́gùn kó jọ, ìpele àtijọ́ tí kò lágbára, òjò dídì tí ó rin, àti òjò dídì tí ń yọ̀ lórí koríko. Ìpele àtijọ́ ni ó burú jù láti mọ̀, nítorí ó lè farapamọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfi àmì kankan hàn lójú òkè.

## Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní ilẹ̀ Fránsì, Météo-France ni ó ń gbé ìkìlọ̀ jáde fún agbègbè òkè kọ̀ọ̀kan. Láti 2018, àwọn agbègbè Tyrol ní Austríà àti South Tyrol pẹ̀lú Trentino ní Ítálì ń gbé ìwé ìkìlọ̀ kan ṣoṣo jáde láìka ààlà orílẹ̀-èdè sí. Nọ́rwèy bẹ̀rẹ̀ ètò ìkìlọ̀ gbogbogbòò tirẹ̀ ní 2013. Ní Bìrìtéènì, ilé-iṣẹ́ ìkìlọ̀ ti Skọ́tlándì ń sọ̀rọ̀ nípa agbègbè mẹ́fà, lára wọn ni Glencoe, Lochaber àti ìhà àríwá Cairngorms. Avalanche Canada, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Revelstoke, ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ agbègbè ni ó ń ṣe é. Ti ìpínlẹ̀ Colorado wà lára àwọn tí a mọ̀ jù. Ọ̀fẹ́ ni ìkìlọ̀ gbogbo wọn.

## Yíyẹ ìròyìn wò

Ìbéèrè mélòó kan ni àwọn amọ̀nà fi ń mọ ìròyìn tí ó ṣeé gbára lé. Ta ni ó wọ̀n ọ́n, èrè wo ni ó sì wà nínú rẹ̀ fún un? Níbo àti ní gíga wo ni a ti wọ̀n ọ́n? Ìgbà wo ni a kọ ọ́, ó sì ti pẹ́ tó kí? Ṣé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni tàbí ohun tí a rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Ṣé orísun mìíràn tí kò bá a tan sọ ohun kan náà? Bí ibùdó eré síkì bá sọ sẹ̀ǹtímítà 40, tí ẹ̀rọ ìjọba tí ó wà nítòsí ní gíga kan náà sì sọ 15, ó yẹ kí a béèrè ìdí.

Ìkìlọ̀ tí ó péye jù lọ náà ní ààlà. Agbègbè ńlá ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan pàtó, ojú ọjọ́ sì lè yí padà lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́. Òkè fúnra rẹ̀ ń fúnni ní ìròyìn: ojú ibi tí òjò dídì ti wó láìpẹ́, ìlà tí ń là láti abẹ́ síkì, àti ìró gbì tí a ń gbọ́ nígbà tí ìpele kan bá wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí àwọn àmì wọ̀nyí bá tako ìwé ìkìlọ̀, àmì ni kí a gbà gbọ́.

Àwọn tí ń kọjá ààlà ibùdó eré síkì sábà máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń fi àmì ránṣẹ́ lórí 457 kHz, ọ̀pá gígùn tí a fi ń wá ènìyàn lábẹ́ òjò dídì, àti ṣọ́bìrì. Ẹni tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ pátápátá ní ìrètí púpọ̀ bí a bá wú u jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ìrètí náà ń já wálẹ̀ kíákíá, nítorí kò sí atẹ́gùn tí yóò mí. Àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín àkókò náà, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹgbẹ́ adóólà tí ń bọ̀ láti ìlú yára tó bẹ́ẹ̀.